Nọ́ńbà wo ló lè gbé iṣẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọ̀ṣuntókun?

Dókítà Kékeré:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Mo ń kọ́ṣẹ́ ìtọ́jú àrùn ọpọlọ àti iṣan lọ́wọ́ ní ilé ìwòsàn ńlá kan, ọ̀gá mi sì ti ní kí n bá ẹ̀ka wa sọ̀rọ̀ fún ogún ìṣẹ́jú ní ọ̀sẹ̀ méjì òní. Orí iṣẹ́ ìwádìí olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Olúwakáyọ̀dé Ọ̀ṣuntókun (1935–1995) ni ọ̀rọ̀ náà yóò dá lé, ọmọ Òkèmẹ̀sí ní Èkìtì tí ó fi Yunifásítì Ìbàdàn ṣe ibùjókòó iṣẹ́ rẹ̀. Ọ̀gá mi fẹ́ rí nọ́ńbà: iye àpilẹ̀kọ tí bàbá náà kọ, iye ìgbà tí àwọn ẹlòmíràn tọ́ka sí wọn, àti h-index rẹ̀, nọ́ńbà kan tí ń pa iye àpilẹ̀kọ àti iye ìtọ́kasí wọn pọ̀ di ọ̀kan.

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti dojú rú mọ́ mi lọ́wọ́. Orí Google Scholar, níbi tí a ti ń wá àpilẹ̀kọ àti ìtọ́kasí wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, olùwádìí fúnra rẹ̀ ló máa ń ṣí ojú ewé tirẹ̀, ẹni tí ó sì ti kú ní 1995 kò lè ṣí ohun tí wọ́n kò tíì dá sílẹ̀ nígbà ayé rẹ̀. Mo wá ń fọwọ́ kà á. Àpilẹ̀kọ kan yóò ní «BO Osuntokun», òmíràn yóò ní «B Osuntokun», tí n bá sì rí «O Osuntokun», n kò mọ̀ bóyá òun ni tàbí aya rẹ̀ tí ó jẹ́ dókítà ojú, nítorí pé tọkọtaya náà jọ kọ̀wé pọ̀ ní 1971 lórí ojú tí ń ṣú nítorí irú oúnjẹ tí ènìyàn ń jẹ. Ní òpin ọ̀sẹ̀, iye tí mo kó jọ kò tó ti ẹlẹgbẹ́ mi kan tí kò tíì lo ọdún mẹ́wàá lẹ́nu ìwádìí. Ṣé irú nọ́ńbà yìí ni kí n gbé síwájú àwọn tí bàbá náà kọ́ níṣẹ́?

Ìyá Láíbúrárì:

Dókítà, ẹ pẹ̀lẹ́. Ohun tí ẹ bá pàdé kì í ṣe ẹ̀bi yín. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti wà nídìí àkójọ ìwé ìṣègùn, ìbéèrè yìí kì í sì í jìnnà sí tábìlì mi ní gbogbo ìgbà tí ọ̀rọ̀ ìgbéga lẹ́nu iṣẹ́ bá dé.

Ẹ kọ́kọ́ wo ọjọ́ orí àwọn òṣùwọ̀n wọ̀nyí. 1964 ni Eugene Garfield gbé ìwé atọ́ka ìtọ́kasí ti ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì jáde ní Amẹ́ríkà, ìwé gbàǹgbà gbàǹgbà tí àwọn láíbúrárì ń fi owó ńlá rà. Scopus àti Google Scholar, tí ń ka ìtọ́kasí lórí kọ̀ǹpútà, kò dé àfi ní 2004. Ọdún 2005 ni Jorge Hirsch, tí ó jẹ́ onímọ̀ físíìsì, gbé h-index kalẹ̀, kò sì sí ọ̀rọ̀ àrùn ọpọlọ lọ́kàn rẹ̀ nígbà náà, àwọn onífísíìsì ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń wọ̀n. Bàbá yín ti lo ọdún mẹ́wàá nínú ibojì kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ orúkọ òṣùwọ̀n náà.

Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé, fún àwọn tí ń ka ọ̀rọ̀ wa láìjẹ́ olùwádìí. Ká ní ẹnì kan kọ àpilẹ̀kọ márùn-ún, tí wọ́n tọ́ka sí àkọ́kọ́ ní ìgbà 400, èkejì ní ìgbà 60, ẹ̀kẹta ní ìgbà 5, ẹ̀kẹrin ní ìgbà 3, tí ìkarùn-ún sì rí ẹyọ kan. Ó kéré tán, àpilẹ̀kọ mẹ́ta rẹ̀ ló ní ìtọ́kasí tí ó tó mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n kò sí mẹ́rin tí ó ní ìtọ́kasí mẹ́rin, nítorí náà h-index rẹ̀ jẹ́ 3. Ẹlòmíràn kọ márùn-ún, ọ̀kọ̀ọ̀kan rí ìtọ́kasí márùn-ún géérégé, tirẹ̀ jẹ́ 5. Ìtọ́kasí 469 ni ti àkọ́kọ́, 25 ni ti èkejì, síbẹ̀ ẹlẹ́ẹ̀kejì ló borí. Ẹni tí ó kọ ìwé kan tí ó yí ìmọ̀ padà kì í rí èrè rẹ̀ gbà nínú h-index ju bí iye àpilẹ̀kọ rẹ̀ ṣe mọ.

Ọ̀ràn kejì ni pé olúkúlùkù ilé ìṣirò, ẹran agbo tirẹ̀ ló ń kà. Jọ́nà ìmọ̀ ìṣègùn tí wọ́n ń tẹ̀ ní Ìbàdàn, àti ọ̀pọ̀ jọ́nà ilẹ̀ Áfíríkà mìíràn, kì í sí nínú àwọn agbo ńlá wọ̀nyẹn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òní láìsí àlàfo. Ìgbà tí AJOL, ojú òpó tí ó kó àwọn jọ́nà Áfíríkà jọ, bẹ̀rẹ̀ ní 1998 ni púpọ̀ nínú wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ojú íntánẹ́ẹ̀tì. Bí dókítà kan ní Ilé-Ifẹ̀ bá tọ́ka sí iṣẹ́ Ọ̀ṣuntókun nínú jọ́nà Nàìjíríà ní 1978, ìtọ́kasí náà wà lórí bébà, eku ló sì ṣeé ṣe kó kà á kẹ́yìn.

Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ má kọ nọ́ńbà kankan sílẹ̀ láìkọ orúkọ ilé tí ó kà á àti ọjọ́ tí ẹ wò ó.

Olóko Ẹ̀gẹ́:

Ìyá wa ti sọ̀rọ̀ òṣùwọ̀n. Ẹ jẹ́ kí n ṣí àpilẹ̀kọ kan ṣoṣo wò fún wa, nítorí mo ti fi ọ̀pọ̀ ọdún bá a jà, bó bá sì jẹ́ èmi ni mo ni ogún ìṣẹ́jú náà, orí rẹ̀ ni n bá lo mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lé.

Ní 1968, jọ́nà *Brain*, tí wọ́n ti ń tẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti 1878, gbé iṣẹ́ kan jáde láti ojú ewé 215 títí dé 248. Ojú ewé mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni, orúkọ Ọ̀ṣuntókun nìkan ló sì wà lórí rẹ̀. Àrùn kan tí ń ba iṣan ẹsẹ̀ jẹ́ láàárín àwọn tí ń jẹ ẹ̀gẹ́ ní Nàìjíríà ló kọ nípa rẹ̀. Ó yẹ àwọn aláìsàn wò lójú, ó wọn ohun tí ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn, ó sì fi iná mànàmáná dán iṣan wọn wò bí ó ṣe ń gbé ìmọ̀lára lọ sókè.

Ẹni tí àrùn náà bá mú yóò kọ́kọ́ wí pé àtẹ́lẹsẹ̀ òun ń ta òun bí ẹni tí ó tẹ ata mọ́lẹ̀. Bí ó bá pẹ́, ẹsẹ̀ yóò kú tipiri, kò ní mọ ibi tí ẹsẹ̀ náà wà mọ́ àfi bí ó bá ń wò ó, yóò sì máa rìn bí ẹni tí ó mu ẹmu yó. Ojú ẹlòmíràn á máa ṣú, etí ẹlòmíràn á di. Nígbà tí mo ṣì ń kọ́ṣẹ́, ìyá arúgbó kan sọ fún mi pé òun kì í fi ọṣẹ bọ́jú mọ́ àfi bí ọmọ òun bá di òun mú léjìká, nítorí bí òun bá ti di ojú kí ọṣẹ má bàa ta òun, ilẹ̀ ni òun máa ń bá ara òun. Kò sí ẹ̀rọ tí ó lè ṣàlàyé àrùn náà fún mi ju ọ̀rọ̀ ìyá yẹn lọ.

Ohun tí Ọ̀ṣuntókun àti àwọn tí ó ṣíwájú rẹ̀, bíi Monekosso àti Wilson, sọ ni pé sáyánáìdì inú ẹ̀gẹ́ tí a kò ṣe dáadáa ló wà nídìí rẹ̀. Ara máa ń fi èròjà inú ẹran, ẹja àti ẹ̀wà sọ sáyánáìdì di thiocyanate, èròjà tí oró rẹ̀ kéré sí ti sáyánáìdì, tí yóò sì bá ìtọ̀ jáde. Ẹni tí ó bá ń jẹ gààrí, fùfú àti púpurú láàárọ̀ lálẹ́ láìsí ẹja lórí rẹ̀, kò ní ohun tí ara rẹ̀ yóò fi bá májèlé náà jà. Àlàyé yìí wọlé sí ibi gbogbo, mo sì gbọ́ ọ lẹ́nu olùkọ́ mi bí ẹni ń ka káténíísímù.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà. Ní 2000, Oluwole àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú Hans Rosling ọmọ ilẹ̀ Sweden, lọ sí Òsosà ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú. Wọ́n yẹ ènìyàn 3,428 wò, wọ́n rí àrùn náà lára 206, ìyẹn mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún, àrùn kò kúrò nílẹ̀. Ní 2003 wọ́n tún padà, wọ́n fi Òsosà wé Jọ́bẹ̀lẹ̀ ní ìhà Ọ̀yọ́. Ní Òsosà, àwọn tí àrùn náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mú tó 64 nínú 10,000 lọ́dún kan. Ní Jọ́bẹ̀lẹ̀, kò sí ẹnì kan. Bẹ́ẹ̀ ìtọ̀ àwọn ará Jọ́bẹ̀lẹ̀ kò fi hàn pé sáyánáìdì tí wọ́n ń jẹ kéré sí ti Òsosà. Wọ́n wá parí rẹ̀ pé ó ṣòro láti gbà pé sáyánáìdì ló ń fa àrùn náà.

Iṣẹ́ méjèèjì tọ́ka sí Ọ̀ṣuntókun. Wọ́n fi ti àkọ́kọ́ gbè é lẹ́sẹ̀ pé àrùn tí ó rí kì í ṣe àlá. Wọ́n fi ti èkejì yọ ìdí tí ó sọ nílẹ̀.

Dókítà Kékeré:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun gan-an ni. Ṣé ohun tí ẹ ń sọ ni pé ẹni tí ó tọ́ka síni láti gbè síni àti ẹni tí ó tọ́ka síni láti bá wa jiyàn, ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni kọ̀ǹpútà ń ka àwọn méjèèjì?

Olóko Ẹ̀gẹ́:

Ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni, àbúrò. Èyí tí ó tún wá pọ̀ jù nínú ìtọ́kasí kò gbè, kò jiyàn. Ẹni tí ó ń kọ̀wé lórí ẹ̀gẹ́ yóò kàn sọ lójú ewé kìíní pé «ẹ̀gẹ́ lè fa àrùn iṣan», yóò sì fi Ọ̀ṣuntókun 1968 sí ìdí rẹ̀ láìkà á. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ nítorí èmi náà ti ṣe é rí.

Aka-Ilé-ká-Ènìyàn:

Èmi kì í ṣe dókítà, iṣẹ́ mi ni kíka iye àrùn láàárín ìlú, nítorí náà apá ibòmíràn nínú iṣẹ́ bàbá náà ni mo máa ń lò. Púpọ̀ nínú yín mọ̀ ọ́n mọ́ ẹ̀gẹ́, àwa mọ̀ ọ́n mọ́ Ìbàràpá.

Wọ́n dán ọ̀nà ìkànìyàn kan wò ní Ayétẹ̀, ní Ìbàràpá níbẹ̀, àbájáde rẹ̀ sì jáde ní 1982: láàárín ènìyàn bí 900, wárápá ń ṣe 37 nínú ẹgbẹ̀rún. Nígbà tí ó yá, wọ́n lọ láti ilé dé ilé ní Ìgbò-Ọrà tí kò jìnnà síbẹ̀, wọ́n bá ènìyàn 18,954 sọ̀rọ̀, wọ́n rí 101 tí ó ní wárápá, ìyẹn 5.3 nínú ẹgbẹ̀rún. Ìlú méjì, ẹ̀yà kan, oúnjẹ kan náà, ọ̀kan fẹ́rẹ̀ẹ́ ní ìlọ́po méje èkejì. Wọ́n tọ́ka sí ìtọ́jú ìlera tí Yunifásítì Ìbàdàn ti ń ṣe ní Ìgbò-Ọrà láti ọdún pípẹ́ gẹ́gẹ́ bí ohun tí ó ṣeé ṣe kó fa ìyàtọ̀ náà. Èmi alára rò pé a gbọ́dọ̀ rántí bí iye Ayétẹ̀ ṣe kéré tó: bí ènìyàn mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ló gbé gbogbo 37 yẹn ró, bí ìdílé méjì bá sì wọ inú rẹ̀ tàbí jáde, ìṣirò á yí padà. Síbẹ̀, àbájáde méjèèjì ni wọ́n ṣì ń fà yọ nígbà tí wọ́n bá ń kọ̀wé lórí wárápá nílẹ̀ Áfíríkà, nítorí àwọn tí ó fi ẹsẹ̀ rìn láti ilé dé ilé láyé ìgbà yẹn kò pọ̀.

Èyí tí mo fẹ́ kí ẹ fi sínú ọ̀rọ̀ yín jù ni ti àwọn àgbàlagbà tí ń ṣarán. Ní 1992, Ìbàdàn àti Indianapolis bẹ̀rẹ̀ ìwádìí kan pọ̀, Ọ̀ṣuntókun ni olórí ní ìhà ti Ìbàdàn. Àwọn àgbàlagbà Ìdíkàn, àdúgbò kan ní Ìbàdàn, ni wọ́n ń yẹ̀ wò níhìn-ín, àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà ni wọ́n ń yẹ̀ wò lọ́hùn-ún, pẹ̀lú ìbéèrè kan náà tí wọ́n túmọ̀ sí Yorùbá. Ní 1995, àbájáde àkọ́kọ́ jáde: àìsàn ìgbàgbé yìí ń ṣe 2.29 nínú ọgọ́rùn-ún ní Ìbàdàn, ó ń ṣe 4.82 nínú ọgọ́rùn-ún láàárín àwọn tí ń gbé inú ìlú ní Indianapolis. Orúkọ Ọ̀ṣuntókun ni ẹlẹ́ẹ̀kejì lórí rẹ̀. Ọdún yẹn náà ló kú.

Ní 2001 ni èyí tí gbogbo ayé mọ̀ jáde nínú *JAMA*. Wọ́n ti tọ ènìyàn 2,459 lẹ́yìn ní Ìbàdàn, àti 2,147 ní Indianapolis, àwọn tí àìsàn náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mú lọ́dún sì jẹ́ 1.35 nínú ọgọ́rùn-ún níhìn-ín, 3.24 lọ́hùn-ún. Ẹ wo orúkọ àwọn tí ó kọ ọ́: Hendrie, Ogunniyi, Hall, Baiyewu àti àwọn yòókù. Kò sí Ọ̀ṣuntókun níbẹ̀. Ẹni tí ó kú kò lè fọwọ́ sí ìwé, èmi kò sì dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ṣùgbọ́n kò sí kóbọ̀ kan nínú ìtọ́kasí iṣẹ́ yẹn tí yóò dé inú h-index rẹ̀, bẹ́ẹ̀ òun ló ti gbin igi náà.

Ọ̀rọ̀ Owó:

Ẹ má bínú sí mi o, ṣùgbọ́n mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ tí kò ní dùn. Gbogbo wa ń bú nọ́ńbà nítorí pé olóògbé ni à ń sọ̀rọ̀ lé, ẹni tí orúkọ rẹ̀ ti tó tán. Mo ti jókòó nínú ìgbìmọ̀ ìgbéga níbi tí kò sí nọ́ńbà kankan, ohun tí wọ́n fi ń wọn ènìyàn níbẹ̀ ni «ọmọ ta ni», «ta ló kọ́ ọ», àti «ìjọ wo ló ń lọ». Ọmọbìnrin kan láti ìlú kékeré, tí kò mọ ẹnikẹ́ni, tí ó ní àpilẹ̀kọ mẹ́tàdínlógún tí àwọn ará òkèèrè ń tọ́ka sí, nọ́ńbà nìkan ló lè gbè é níwájú irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn tí ń fúnni lówó ìwádìí kò sì lè ka ojú ewé mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ti ẹni kọ̀ọ̀kan.

Mo gbà pé èrú wà níbẹ̀. Àwọn kan ń san owó fún jọ́nà tí kì í ka ohun tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i, àwọn kan ń tọ́ka sí ara wọn títí ó fi dà bí ẹni ń ki ara rẹ̀ ní oríkì. Àwọn mìíràn wà lórí àpilẹ̀kọ tí orúkọ ju 500 lọ, ìtọ́kasí rẹ̀ sì ń wọlé fún ẹni tí ó kó dátà jọ àti ẹni tí ó kàn dáhùn ímeèlì kan. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ní ká sọ òṣùwọ̀n nù nítorí olè ọjà, kí ó sọ ohun tí a ó fi wọn gààrí.

Ìyá Láíbúrárì:

Ọ̀rọ̀ Owó, òótọ́ lẹ sọ ní ti ìgbìmọ̀, n kò sì ní jà yín níyàn. Ohun tí mo kọ̀ ni kí wọ́n gba iyì jọ́nà fún iyì ẹni tí ó kọ̀wé sínú rẹ̀. Impact factor tí àwọn ìgbìmọ̀ wa fẹ́ràn, ti jọ́nà ni, ọdún méjì péré ló sì ń wò sẹ́yìn: iye ìgbà tí wọ́n tọ́ka lọ́dún yìí sí ohun tí jọ́nà tẹ̀ jáde ní ọdún méjì tí ó kọjá, tí a pín sí iye àpilẹ̀kọ tí ó tẹ̀. Nítorí èyí ni àwọn olóòtú jọ́nà àti àwọn onímọ̀ fi pàdé ní San Francisco ní 2012, tí wọ́n ní kí a má fi òṣùwọ̀n jọ́nà dá ènìyàn lẹ́jọ́ mọ́.

Ẹ fi ti ẹ̀gẹ́ wò ó. Ìtọ́kasí 1969 àti 1970 nìkan ni ì bá ṣe *Brain* láǹfààní nínú irú ìṣirò yẹn. Ti 2000 àti 2003 tí Olóko Ẹ̀gẹ́ sọ, odo ni. Láàárín 1991 sí 1993 pàápàá, àrùn iṣan àti ojú kan bú jáde ní Kúbà, ó mú ènìyàn tí ó lé ní 50,000, nígbà tí ọrọ̀ ajé wọn dẹnu kọlẹ̀ tí oúnjẹ sì wọ́n. Àwọn tí ó lọ wádìí rẹ̀ padà sídìí àwọn ìwé àtijọ́ lórí irú àrùn bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ olóoru, ti Jàmáíkà láti 1888 àti ti Nàìjíríà. Iṣẹ́ tí ó ti lo ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lórí pẹpẹ ìwé tún padà di ohun ìlò.

Orúkọ Bàbá Mi:

Ọ̀rọ̀ «BO» àti «O» yẹn ló mú mi dá sí i. Orúkọ bàbá mi ni mo fi kọ àpilẹ̀kọ mi mẹ́fà àkọ́kọ́. Mo lọ́kọ, mo fi orúkọ ọkọ mi kọ mọ́kànlá. Ìdílé ọkọ mi tún wá yọ «Ògún» kúrò níwájú orúkọ wọn, wọ́n fi «Olú» sí i, mo sì ti kọ mẹ́rin pẹ̀lú ìyẹn. Lójú Scopus, obìnrin mẹ́ta ni mí, kò sì sí ọ̀kan nínú wa tí ó tó lẹ́kíṣọ́rà àgbà. ORCID, tí ó ti wà láti 2012, ló gbà mí: nọ́ńbà kan ṣoṣo tí ń tẹ̀lé ènìyàn bí ó ti wù kí orúkọ yí. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi so gbogbo rẹ̀ pọ̀, nítorí náà ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ ṣí i kí ẹ tó kọ àkọ́kọ́.

Dókítà Kékeré:

Ẹ̀yin àgbà, mo dọ̀bálẹ̀. Mo ti tún iṣẹ́ mi tò. N óò fi nọ́ńbà sí ojú àwòrán kan ṣoṣo, pẹ̀lú orúkọ ilé méjì tí mo ti kà á àti ọjọ́ tí mo wò ó, n óò sì sọ pé wọn kò bára mu. Lẹ́yìn náà, n óò mú iṣẹ́ mẹ́ta: ti 1968, ti Ìgbò-Ọrà, àti ti àwọn àgbàlagbà Ìdíkàn, n óò sì fi hàn lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan ẹni tí ó tọ́ka sí i àti ohun tí ó fi í ṣe. Mo ti bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ti 1968. Mo mú ogún nínú àwọn tí ó tọ́ka sí i, mo kà wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: mẹ́tàlá kàn fi í sí ìlà àkọ́kọ́ bí ẹni ń kí ìyá ọjà, mẹ́rin lo ọ̀nà ìyẹ̀wò rẹ̀, mẹ́ta bá a jiyàn lórí sáyánáìdì. Ṣé ẹ rò pé kí n tún fi ti 1995 tí ó dá lórí àbùdá kún un, èyí tí ó sọ pé ApoE ε4, irú àbùdá kan tí ènìyàn lè jogún, kò ní í ṣe pẹ̀lú àìsàn ìgbàgbé láàárín àwọn Nàìjíríà? Ojú ewé mẹ́ta péré ni.

Aka-Ilé-ká-Ènìyàn:

Ẹ fi kún un, ṣùgbọ́n ẹ má dá a dúró síbẹ̀. Nígbà tí wọ́n ti tọ àwọn ènìyàn lẹ́yìn pẹ́ tí iye wọn sì ti pọ̀ sí i, àwọn ẹgbẹ́ kan náà padà rí i pé ẹni tí ó jogún ε4 láti ọ̀dọ̀ bàbá àti ìyá kò bọ́ nínú ewu náà pátápátá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò le tó bí ó ṣe rí lára àwọn ará Amẹ́ríkà. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọ̀gá rí méjèèjì pọ̀ lójú àwòrán kan.

Olóko Ẹ̀gẹ́:

Mẹ́ta nínú ogún tí ó jiyàn yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi àkọlé wọn ránṣẹ́ sí mi. Méjì ni mo mọ̀.